Ọjọ́ 412 ni mo ti fi áàpù kọ́ èdè Jámánì, síbẹ̀ kò jáde lẹ́nu mi

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Adó-Èkìtì níbí. Orí áàpù Duolingo ni mo ti ń kọ́ èdè Jámánì, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, n kò sì fo ọjọ́ kan rí. Ọjọ́ 412 ni iná streak mi ń kà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, éjẹ́ǹtì kan tó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì wáṣẹ́ sí Jámánì pè mí, òun àti obìnrin Jámánì kan. Obìnrin náà ní kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ àti irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn "Ich heiße" àti orúkọ mi, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ṣé áàpù yìí ti ń tàn mí látọjọ́ yìí ni? Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, àbí kí n san owó ọdún kan kí n lè máa lo èyí tó pé?

Ìdáhùn

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú ìforítì. Ọjọ́ 412 láìfo ọ̀kan, tòun ti iṣẹ́ alẹ́ àti wàhálà ilé, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Áàpù náà kò tàn yín. Ohun kan wà tó kọ́ yín, ó sì kọ́ yín dáadáa: òun ni ẹ fi gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn wí. Ohun kejì wà tí kò kọ́ yín, òun gan-an ni wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ yín lórí fóònù. Yorùbá ti pín in sí méjì tipẹ́. A máa ń sọ pé lágbájá gbọ́ Haúsá. Ó yàtọ̀ sí ká ní ó ń sọ Haúsá. Iṣẹ́ méjì ni, ènìyàn sì lè fi ọdún kan gbáko ṣe ọ̀kan láìtíì fọwọ́ kan ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé ara wa. Bí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó àti Àbújá á bá òbí wọn wálé sí Ìjerò, sí Ìkọ̀lé, sí Ọ̀mùò. Ìyá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ojúlówó Èkìtì sọ̀rọ̀. Kò ní pe ilé ní ilé, ulé ni yóò pè é. Kò sì ní pe iṣu ní iṣu, uṣu ni. Ó ní kí ọmọ ọmọ òun lọ gbé nǹkan wá láti ẹ̀yìnkùlé, ọmọ náà sì dìde, ó gbé e wá, kò ṣì í mú. Ó gbọ́. Ẹ wá sọ fún un pé kí ó fi Èkìtì dá màmá lóhùn. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò wo ilẹ̀, yóò fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá Èkó fèsì. Kì í ṣe pé orí ọmọ náà kò pé. Látìgbà tí wọ́n ti bí i ló ti ń gbọ́ bàbá rẹ̀ tó ń fi ohùn yẹn bá ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò kàn sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni dúró dè é pé, ó yá, ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Ní Kánádà, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Merrill Swain rí irú ọmọ yìí ní kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ náà ń sọ nílé, ṣùgbọ́n wọ́n fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ wọn ní iṣẹ́ gbogbo. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn ọmọ onífaransé dọ́gba. Sísọ àti kíkọ wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó hàn kedere pé àlejò ni wọ́n nínú èdè náà. Ní 1985, Swain kọ ọ́ pé gbígbọ́ nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ń gbọ́ lè fi òye gbá ìtumọ̀ mú láìfiyè sí bí gbólóhùn ṣe tò. Ìgbà tí ẹnu bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ jáde tí kò rí i ni ọpọlọ tó mọ ibi tí ihò wà. Ohun tó ṣe yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ó dùn yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan yẹn kọ́ yín ní nǹkan tí ọjọ́ 412 kò kọ́ yín.

Ẹ rántí ohun tí áàpù ń ní kí ẹ ṣe. Ó kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì sókè, ó da ọ̀rọ̀ Jámánì bíi mẹ́jọ sísàlẹ̀, ó ní kí ẹ tò ó. Ìdáhùn ti wà nínú àwo níwájú yín. Ẹ kàn ń ṣà á ni. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ ó tún un tẹ̀. Obìnrin yẹn kò da ọ̀rọ̀ kankan síwájú yín, ó sì ń dúró. Ó dà bí ẹni tó ti ń ra ata ní Ọjà Ọba fún ọdún kan tí wọ́n wá ní kó lọ gbìn ín lóko.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, nítorí iye ọjọ́ kì í ṣe iye wákàtí. Ìṣẹ́jú 15 ní ọ̀nà 412 jẹ́ ìṣẹ́jú 6,180, ìyẹn wákàtí 103. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín ìmọ̀ èdè sí ní Yúróòpù láti 2001: A1, A2, B1, B2, C1 àti C2. A1 ló kéré jù, C2 ló ga jù. Goethe-Institut, àjọ èdè àti àṣà Jámánì tó ní ẹ̀ka ní Èkó, fojú bu ú pé ẹni tó bá fẹ́ dé A1 yóò gba ẹ̀kọ́ 80 sí 200, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó bá fẹ́ dé B2, ẹ̀kọ́ 600 sí 800. B2 yẹn ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ilẹ̀ òkèèrè wọlé ní Jámánì. Ẹ sọ ọ́ di wákàtí: 60 sí 150 fún A1, 450 sí 600 fún B2. Wákàtí 103 yín wà láàárín A1. Ibi tó yẹ kí ẹ wà gan-an ni ẹ wà. Iná tó ń jó lójú fóònù ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ ti rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọjọ́ ló ń kà, kì í ka ohun tí ẹ lè sọ.

Àwọn olùwádìí ti wọn iṣẹ́ áàpù wò, n kò sì fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní 2012, Duolingo fúnra rẹ̀ sanwó fún ìwádìí kan lórí àwọn tó ń kọ́ èdè Sípéènì. Àbájáde rẹ̀ ni pé wákàtí 34 lórí áàpù náà bá ti sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́ ní yunifásítì dọ́gba. Ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà tún tẹ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ jáde: àwọn tó parí apá ìbẹ̀rẹ̀ ní Faransé àti Sípéènì ń kà, wọ́n sì ń gbọ́, bí ẹni tó ṣe sẹ́mẹ́sítà mẹ́rin. Nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n: gírámà àti kíkà nínú ti àkọ́kọ́, kíkà àti gbígbọ́ nínú ti ìkejì. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó la ẹnu. Ní Michigan State University, ẹni mẹ́sàn-án lo ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú áàpù kan náà láti kọ́ èdè Tọ́kì. Gbogbo wọn tẹ̀síwájú, ẹni tó lo àkókò púpọ̀ sì jèrè púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ráhùn pé ohun tí áàpù náà ń kọ́ wọn kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ibì kan wà tí áàpù ti ju olùkọ́ lọ, èmi tí mo ń fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni rírántí. Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885: ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ máa ń yára jò dànù ní wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́, àfi bí a bá padà sí i. Ní ọdún 1972, Sebastian Leitner wá fi àpótí oníyàrá márùn-ún kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè padà sí i: ọ̀rọ̀ tí o bá mọ̀ lọ sí yàrá tó kàn, ó máa pẹ́ kó o tó tún rí i, èyí tí o bá gbàgbé padà sí yàrá àkọ́kọ́, o máa rí i lọ́la. Áàpù ń ṣe ìṣirò yìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ láìrẹ̀ ẹ́. Èmi kò lè rántí ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ̀ọ̀kan gbàgbé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Àmọ́ bí ènìyàn ṣe ń padà sí i ló ṣe pàtàkì. Ní 2008, àwọn olùwádìí méjì, Karpicke àti Roediger, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ Swahili 40 pé kí wọ́n kọ́ ìtumọ̀ wọn. Àwọn tó ń pe ọ̀rọ̀ náà jáde láti inú orí léraléra rántí bí ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó dá pípè é jáde dúró gbàrà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wulẹ̀ ń tún un kà, kò rántí ju bí ìdá 35 lọ. Àwọn babaláwo kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ni wọ́n ń gbà. Ọmọ awo kì í jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ kó máa mi orí. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ki ẹsẹ Ifá, níwájú ẹni tó máa dá a dúró bó bá ṣì í.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nípa àwọn áàpù yìí, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn wa. Láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ti ń kọ́ Jámánì. Ọ̀rọ̀ yín ń gbéra láti Yorùbá, ó ń gba ilé Gẹ̀ẹ́sì kọjá, kó tó dé Jámánì, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tààrà wà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó: mò ń pè yín ní "ẹ" láti òkè títí dé ibí, nítorí n kò mọ̀ yín rí, iṣẹ́ yín sì ní ọ̀wọ̀. Bí a bá ń sọ Jámánì, "Sie" ni mo máa lò fún yín, màá sì lo "du" fún ọmọ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ ní láti jókòó kọ́ ìgbà tó yẹ láti lo ọ̀kan àti ìgbà tó yẹ láti lo ìkejì, torí "you" kan ṣoṣo ló ní. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ yín pé a kì í sọ "o" sí àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí áàpù kọ "you" síwájú yín, ó gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ yín, ó wá ní kí ẹ máa méfò.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ aláìsàn, tó jẹ́ iṣẹ́ yín. Gẹ̀ẹ́sì á ní èèyàn "ní" ẹ̀fọ́rí, bí ẹni ní ilé. Yorùbá á ní orí ń fọ́ mi: orí ló ń ṣe é, èmi ni wọ́n ń ṣe é sí. Jámánì náà lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Der Kopf tut mir weh", orí ló ń ṣe mí ní ìrora. Òtútù ń mú mi, "Mir ist kalt." Èébì ń gbé mi, "Mir ist übel." Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó ń ṣe ènìyàn wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń ṣe wà lọ́tọ̀. "Mir" yẹn máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú fún oṣù púpọ̀ bó bá ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá a. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọ ní kíláàsì mi, ó di ohun tí a ń parí láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Der, die, das ńkọ́? Ó le, n kò ní pa irọ́ fún yín. Èdè tó ní "ó" kan fún ọkùnrin, obìnrin àti àga kò múra wa sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹ mú un bí àmì ohùn. Ta ló kọ́ wa ní ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kó tó wá padà fi ohùn kún un? Ohùn náà wà lára ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ́ "Arzt", ẹ kọ́ "der Arzt", dókítà. Ẹ kọ́ "die Spritze", abẹ́rẹ́. Ẹ kọ́ "das Bett", ibùsùn. Ẹ pè é papọ̀ ní ìmí kan, kí ọ̀kan má lè jáde láìsí ìkejì.

Ìró ni áàpù máa ń jẹ́ kó kọjá ju ohun gbogbo lọ. Ìró tó wà nínú "ich" kò sí nínú Yorùbá, ẹnu wa sì máa ń yára sáré sí "ṣ". Nínú Jámánì, "Kirche" ni ilé ìjọsìn, "Kirsche" sì ni èso pupa kékeré kan. Mo ti rí i níṣojú mi tí akẹ́kọ̀ọ́ pe ọ̀kan, tí áàpù kan sì fi àwọ̀ ewé gbà á pé ìkejì ló pè. Ẹni tó máa sọ fún yín ni ẹni tó ní etí. Bí ẹ ṣe máa pè é rèé: ẹ ṣe ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ "yí", kí ẹ má jẹ́ kí ohùn jáde, ẹ fẹ́ atẹ́gùn nìkan. Ti "ü" nínú "fünf" àti "übel": ẹ pe "í", ẹ jẹ́ kí ahọ́n dúró síbẹ̀, ẹ wá ká ètè bí ẹni ń pe "ú". Ẹ ṣe é níwájú dígí. Ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ ti rí ènìyàn méjì tí wọ́n ń gún iyán nínú odó kan. Ní Èkìtì, ta ni kò tíì rí i? Ẹni tó lágbára lè dá gún tirẹ̀ kó kúnná. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kejì bá mú ọmọ odó, ohun mìíràn ló dé: ìgbà wo ni ó máa gbé e sókè, ìgbà wo ni tèmi máa sọ̀ kalẹ̀, tí méjèèjì kò fi ní kọ lu ara wọn. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè dá kọ́ ìyẹn. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí obìnrin yẹn dákẹ́, àkókò tí ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Áàpù a máa dúró dè yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo mọ àgbẹ̀ kòkó kan ní agbègbè Ìsẹ̀ tí kò ní áàpù kankan lórí fóònù rẹ̀, tí kò sì lọ sí kíláàsì Faransé rí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá a ro oko wá láti ilẹ̀ Olómìnira Benin àti Tógò. Ọdún kẹfà rèé tó ń bá wọn na ọjà iṣẹ́, tó ń bá wọn jà, tó ń bá wọn ṣèrántí òkú wọn. Faransé rẹ̀ kò ní gírámà tó dán, kò sì lè kọ lẹ́tà kan ní èdè náà. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, ó ń fèsì. Mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí tí wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní tí wọn kò ní ni ẹni tó ń dúró de èsì.

Nítorí náà, ẹ má yọ áàpù kúrò. Ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì yí bí ẹ ṣe ń lò ó padà. Kí ẹ tó wo ọ̀rọ̀ tó dà sísàlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bò ó, ẹ sọ gbólóhùn náà sókè láti inú orí, kí ẹ tó ṣí i. Níbi tó bá ti gbà yín láyè láti tẹ ọ̀rọ̀ fúnra yín dípò kí ẹ tò ó, títẹ̀ ni kí ẹ yàn. Ẹ máa ṣi í ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má bẹ̀rù, àṣìṣe yẹn ni ẹ̀kọ́.

Ẹ gba Anki, áàpù tí a fi ń kọ káàdì ìrántí, sórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni lórí Android, bí ẹ bá sì ti gbé e kalẹ̀ tán, kì í jẹ dátà. Ẹ lè ṣe é ní wọ́ọ̀dù lóru nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá sá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ti àpótí Leitner lọ. Ẹ̀yin ni ẹ máa kọ káàdì rẹ̀ fúnra yín, ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ wà: ẹ kọ Yorùbá sí iwájú, Jámánì sí ẹ̀yìn, kí Gẹ̀ẹ́sì má dá sí i. Gbólóhùn tí ẹ ń lò níbi iṣẹ́ ni kí ẹ kọ. Níbo ló ti ń dùn yín? "Wo tut es weh?" Láti ìgbà wo? "Seit wann?" Mo fẹ́ wọn ìfúnpá yín báyìí. "Ich messe jetzt Ihren Blutdruck." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lè tún un sọ? "Können Sie das bitte wiederholen?" Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ kọ́ ọ títí tí ẹ ó fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Bí ẹ bá ti ní in lẹ́nu lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ìbá ti rí àyè mí. Káàdì márùn-ún lójúmọ́ tó.

Fún etí, Deutsche Welle, ilé iṣẹ́ ìròyìn Jámánì, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n pè ní Nicos Weg. Fídíò kéékèèké ni, nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì, ó sì lọ láti A1 dé B1. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, wọ́n ń já lu ara wọn lẹ́nu. Ẹ wo ẹyọ kan, ẹ dá a dúró lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ fèsì kí Nico tó fèsì.

Ẹnu ló kù, òun sì ni kí ẹ fún ní àkókò tó pọ̀ jù. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí ibi tí fóònù ti ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ fi Jámánì sọ ohun tí ẹ ṣe lóòjọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, láìka ohunkóhun. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́n, ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ: bí ẹ kò bá rántí orúkọ abẹ́rẹ́, ẹ sọ ohun tí a fi ń ṣe. Kí ẹ tó sùn, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó wọ́n yẹn, ẹ sọ ọ́ di káàdì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ènìyàn. Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ń kọ́ Jámánì ní yunifásítì wọn, wọ́n sì ń fi àwọn tó jáde níbẹ̀ sin ìlú káàkiri ìpínlẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn kọ́pà bóyá ọ̀kan wà nítòsí. Wákàtí kan lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, kó má kọ́ yín ní gírámà, kó kàn máa bi yín ní ìbéèrè. Bí nọ́ọ̀sì mìíràn bá wà níbi iṣẹ́ yín tó fẹ́ lọ Jámánì, ẹ jọ máa kí ara yín ní Jámánì ní ìgbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín. Áàpù Tandem náà wà, tí wọ́n ṣe ní Berlin, tó ń so ẹni tó fẹ́ kọ́ èdè pọ̀ mọ́ ẹni tó ń sọ ọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn kan ń wá ìyàwó kiri níbẹ̀, nítorí náà obìnrin bíi tiyín ni kí ẹ wá, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń sọ nípa ara yín. Ti ẹ̀rọ onílàákàyè tó ń báni sọ̀rọ̀, ẹ lè fi ṣe ìmúra fún ẹni tójú ń tì. Ó ní sùúrù jù, n kò sì fẹ́ kí ẹ mọ́ sùúrù yẹn lára.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ìdánwò ń bọ̀. Nínú ìdánwò B2 ti Goethe, apá mẹ́rin ló wà: kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. 60 nínú 100 ni ẹ gbọ́dọ̀ ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan; ẹni tó gba 95 nínú gbígbọ́ kò lè fi bo 50 tó gba nínú sísọ. Níbi sísọ, ẹ máa sọ̀rọ̀ lórí kókó kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, lẹ́yìn náà ẹ máa bá akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn jiyàn, ojú sí ojú. Ẹ̀yin méjèèjì, odó kan.

Ní ti owó ọdún kan, ẹ má tíì san án. Ohun tí owó yẹn ń rà jù ni pé ìpolówó á kúrò, ẹ ó sì lè máa bá ẹ̀kọ́ lọ bó ṣe wù yín láìdúró. Kò yẹ kí ìpolówó díẹ̀ dí ìṣẹ́jú 10 lọ́wọ́. Ẹ kó owó náà sọ́tọ̀ fún ẹni tó máa máa bi yín ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, kí èyí tó bá ṣẹ́kù jẹ́ owó ọkọ̀ Èkó nígbà ìdánwò. Bí éjẹ́ǹtì yẹn bá tún pè kó tó di oṣù mẹ́ta, ẹ sọ òótọ́ fún un pé A1 ni ẹ wà, ẹ sì ń lọ sí A2. Éjẹ́ǹtì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fún yín ní àkókò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ gbígba ohùn sílẹ̀ lálẹ́ òní. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò kún fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi í pamọ́ títí di ọgbọ̀n ọjọ́ òní, kí ẹ wá tẹ́tí sí òun àti ti ọjọ́ náà tẹ̀lé ara wọn.